Má Fi Igbá Pààlà Nínú Omi Ẹja

Ọ̀yọ́,
Mọ́ńdè, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́.

Àníkẹ́ ọmọ mi,

Ọ̀rọ̀ kúkúrú tí mo fi sórí fóònù rẹ láàárọ̀ yìí, pé kí ẹnikẹ́ni má kó ẹja sínú gíláàsì ìyá aránṣọ yẹn títí ìwé mi yóò fi tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ìdí rẹ̀ ni mo jókòó kọ báyìí. O dá mi lóhùn pé, "Kí ló dé, màámi? Ọ̀gá mi ti fọwọ́ sí i o." Mo rí i. N kò fèsì nítorí pé èsì náà gùn. Lórí fóònù, kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, o ti máa ń ní, "Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́." Ìwé kò ṣeé já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ tó ń ná Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò gbé e wá pẹ̀lú páálí kan lọ́la. Má ṣí páálí náà kí o tó kà á tán.

Mo wo fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lánàá. Mo fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù títí mo fi rí ipa ọ̀bẹ lára igbá náà. O fín in dáadáa. Ọwọ́ rẹ kò gbọ̀n níbi tó ti yí kọ́nà, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ tèmi ti máa ń gbọ̀n ní irú ọjọ́ orí rẹ. O fi igbá náà pààlà sáàárín iyẹ̀pẹ̀ dúdú tí ẹ gbin koríko omi sí lẹ́yìn àti yanrìn funfun tó wà níwájú. O wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Màámi, irú tiyín ni mo ṣe. Mo ti fi fáníìṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Jímọ̀ ni ẹja máa wọlé."

Irú tèmi. Èyí tó wà nínú fọ́tò ara ògiri ìyá àgbà ni o ń sọ. Ọjọ́ kejì tí mo gbé igbá yẹn sínú omi ni wọ́n ya fọ́tò náà. Ẹnikẹ́ni kò ya ti ọjọ́ kẹwàá. N kò sọ ti ọjọ́ kẹwàá fún ọ rí, n kò sì sọ ọ́ fún ìyá àgbà. O wo fọ́tò náà dàgbà, o sì rò pé iṣẹ́ tó dára ni. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, kì í ṣe tìrẹ. Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, ọjọ́ orí tí o wà báyìí. Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, mo ti bí ọ, o ti pé ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ igbá fínfín ni mò ń ṣe jẹun, lọ́dọ̀ ìyá mi. Alhájì kan wà nílùú wa níbí tó ní òtẹ́ẹ̀lì, ó sì gbé gíláàsì ẹja ńlá kan sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Ẹja tó fẹ́ràn jù níbẹ̀ pupa, ó gùn tó ọwọ́ mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìka. Ìyàwó mẹ́ta ni Alhájì ní nílé, ẹja yìí ló ń pè ní ìkẹrin. Tó bá ti wọlé láàárọ̀, á kan gíláàsì, á ní, "Ìyàwó, ṣé dáadáa lo jí?" Àwọn tó ń gba yàrá á máa rẹ́rìn-ín.

Ìkẹrin yìí ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ń wú ilẹ̀ bí adìẹ. Yanrìn funfun bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ bọ́ sínú yanrìn, gbogbo rẹ̀ wá dà bí eérú. Alhájì rí mi níbi tí mo ti gbé igbá wá fún àwọn àlejò rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ afíngbá, ṣé o lè bá mi ṣe nǹkan tó rẹwà tí yóò ya ilẹ̀ méjèèjì yìí sọ́tọ̀?"

Mo ní, "Mo lè ṣe é, Alhájì." N kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí.

Ọkùnrin kan wà tó ń tọ́jú ẹja náà, Bọ̀dá Gàní. Òun ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun ló ń pààrọ̀ omi. Ọjọ́ tí mo gbé igbá dé, ó fi ìka kan inú rẹ̀ tó rí bí kànìnkànìn, ó ní, "Ìyá Àníkẹ́, igbá yìí ò ní rà báyìí?"

Mo ní, "Bọ̀dá Gàní, ẹ gbájú mọ́ oúnjẹ ẹja yín, ẹ jẹ́ kí èmi gbájú mọ́ igbá."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ọ̀gá igbá. Mo tọrọ àforíjì."

Igbá kò tiẹ̀ gbà kí ó rì. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó léfòó. Mo wá yọ wáyà bàbà pupa láti inú wáyà iná, mo fi so òkúta mọ́ ọn lẹ́yìn níbi tí ojú kò ti ní rí i. Ó rì. Ó rẹwà. Wọ́n ya fọ́tò.

Ní ọjọ́ kẹrin omi ti rí bí tíì tí wọn kò tíì da mílíìkì sí. Ní ọjọ́ kẹfà nǹkan funfun yíyọ̀ bo inú igbá bí ẹ̀kọ tó tutù. Bọ̀dá Gàní ń pààrọ̀ omi lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ẹja ti ń wá sójú omi, wọ́n ń la ẹnu. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá mo débẹ̀, gbogbo wọn ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àti ìkẹrin náà.

Alhájì kò pariwo. Ó ní, "Gàní, kí lo fún wọn jẹ?"

"Alhájì, oúnjẹ tí mò ń fún wọn látẹ̀yìnwá ni."

"O ti fi ọṣẹ fọ gíláàsì yìí."

"Mo fi Ọlọ́hun búra, mi ò fi ọṣẹ kàn án."

"Ta ló wá ń fọwọ́ kan omi níbí, bí kì í bá ṣe ìwọ?"

Bọ̀dá Gàní wò mí lẹ́ẹ̀kan. Mo wo yanrìn. Mo mọ ohun tó pa ẹja. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kẹrin. Alhájì ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ lọ ní ọjọ́ náà gan-an, ó sì kó o sínú láílọ́ọ̀nù dúdú kan, ó jáde. Alhájì yíjú sí mi, ó ní, "Má bínú pé wọ́n ba iṣẹ́ rẹ jẹ́." Mo ní kò burú.

Mo rò ó nígbà náà pé bí mo bá lanu, kò sí ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ fún mi mọ́ nílùú yìí. Mo tún rò ó pé mo ní ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́rùn. N kò ní fi ọ́ ṣe àwáwí. Àwọn mìíràn ní ọmọ lọ́rùn, wọ́n sì sọ òótọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ìmọ̀ràn tí mo rí yọ nínú rẹ̀ nìyí. Àwọn kan jẹ́ ti ọwọ́, àwọn kan jẹ́ ti ẹnu.

Èkíní. Ohun tó bá ti jẹ́ èso tàbí igi rí, tí kò sì wúwo tó láti rì fúnra rẹ̀, má fi pààlà nínú omi. Igbá ní awọ líle lójú, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí ọ̀bẹ bá ti gbà ti ṣí ilẹ̀kùn fún omi. Bí fínfín bá ṣe pọ̀ tó ni ilẹ̀kùn ṣe pọ̀ tó. Fáníìṣì kò tì í. Omi á wọ ẹ̀yìn rẹ̀, á máa wú u díẹ̀díẹ̀, á sì jábọ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fáníìṣì fúnra rẹ̀ kò ṣeé mu fún ẹja, kí o má sì gbàgbé pé mímu ni ẹja ń mu ibi tó ń gbé. Wáyà pupa pẹ̀lú, májèlé ni fún wọn. Ọ̀rọ̀ yìí korò lẹ́nu mi nítorí pé igbá ló bọ́ wa. Síbẹ̀, bí igbá bá wúlò nínú ilé, ìyẹn kò sọ pé ó wúlò nínú omi.

Èkejì. Yẹ nǹkan wò kí o tó fi lélẹ̀. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ fi pààlà, kó o sínú bàsíà omi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bó bá pé ọ̀sẹ̀, gbóòórùn omi náà. Fi ọwọ́ pa ara nǹkan náà. Bó bá yọ̀, dà á nù. Òkúta funfun tí o ní o rà ní Sábó, fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lórí. Bó bá hó, ẹfun wà nínú rẹ̀, yóò sì yí omi padà lábẹ́lẹ̀. Bí kò bá hó, lò ó. Ìkarahun ìgbín náà bẹ́ẹ̀: ó dára lójú, ó ń hó. Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ lójú ẹni tí oníbàárà ń pè ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó wà nínú páálí: ààlà amọ̀. Láti ọdún kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Alhájì ni mo ti ń ṣe é, díẹ̀díẹ̀, fún ara mi. Ìyá kan tó ń mọ ìkòkò ló ń tẹ́ amọ̀ fún mi gẹ́gẹ́ bí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́: kí ó nípọn tó ìka kan, kí ó ga tó ìka mẹ́rin. Kí ó tó le, mo máa ń gbé e lé ẹ̀yìn igbá kí ó lè tẹ̀, nítorí ààlà tó bá rí gbọọrọ bí rúlà kì í jọ ohun ayé nínú omi. Iṣẹ́ tí igbá lè ṣe nídìí ẹja nìyẹn, lóde. Bí amọ̀ náà bá ti gbẹ díẹ̀, tí ó rí bí awọ bàtà tútù, mo máa ń fi ọ̀bẹ igbá fín in. Ọwọ́ kan náà ni, ìlà kan náà ni. Lẹ́yìn náà ìyá yẹn á fi í sínú iná pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jóná dáadáa. Èyí tí kò bá jinná yóò yòrò padà di ẹrẹ̀, èyí tó bá jinná máa ń dún bí agogo tí o bá fi èékánná kàn án. Má kùn ún ní nǹkan kan. Má lo èyí tí a fi sebẹ̀ rí, nítorí epo àti iyọ̀ ń bẹ nínú rẹ̀ tí kò ní jáde.

Mẹ́jọ ni mo kó sínú páálí. Oṣù kan ni mo fi wọ́n sínú omi pẹ̀lú ẹja kékeré méjì lẹ́yìn ilé. Àwọn ẹja náà ń jẹun títí di àárọ̀ yìí.

Bí o ṣe máa tò wọ́n: inú gíláàsì gbígbẹ ni, kí iyẹ̀pẹ̀ tàbí yanrìn tó wọ ibẹ̀. Jẹ́ kí ìdí wọn kanlẹ̀ mọ́ gíláàsì, nítorí bí o bá gbé wọn lórí yanrìn, ẹja yóò gbẹ́ abẹ́ wọn, ilẹ̀ méjèèjì yóò tún pàdé. Fi sílíkọ́nù lẹ̀ wọ́n, gọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń ṣe fèrèsé ń lò, ṣùgbọ́n ka ara rẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilé ìwẹ̀ ní oògùn nínú tí kì í jẹ́ kí ògiri hu, oògùn náà kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó ń hu àti ẹja. Èyí tó ń rùn bíi fínígà, tí kò ní oògùn kankan nínú, ni kí o rà. Fún un ní ọjọ́ méjì kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà, da iyẹ̀pẹ̀ sẹ́yìn, kí ó ga ju yanrìn iwájú lọ, kí orí ààlà sì yọ díẹ̀ lókè àwọn méjèèjì. Da omi sí i lórí àwo, kì í ṣe lórí ilẹ̀, kí ó má bàa wú ohun tí o ti tò.

Ẹ̀kẹrin. Jímọ̀ kò ṣeé ṣe mọ́. Mo mọ̀ pé ìwọ yóò máa ṣírò rẹ̀ bí o ti ń kà á, nítorí náà mo ti bá ọ ṣírò rẹ̀. Omi tó wà níbẹ̀ ti mu fáníìṣì, ẹ gbọ́dọ̀ dà á nù. Ẹ gbọ́dọ̀ kó iyẹ̀pẹ̀ náà jáde, bóyá koríko omi yóò kú lára rẹ̀. Omi tuntun gbọ́dọ̀ dúró kí ẹja tó wọ inú rẹ̀. Ìyá aránṣọ ní Tákié ti ní kí àwọn oníbàárà òun wá wo ẹja ní Jímọ̀, o sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Yóò bínú. Ọ̀gá rẹ yóò bínú ju ìyẹn lọ, nítorí ìwọ lo fi dá a lójú. Oṣù méjì péré lo lò níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó ní kí o máa lọ sílé. N kò lè ṣèlérí pé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún kò ní nọ́ńbà nínú ọkàn mi, ṣùgbọ́n mo ní láti fi í síbì kan. Mo lọ rí Bọ̀dá Gàní láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Ọdún mẹ́tàdínlógún. Kò kúrò ní Ọ̀yọ́, èmi náà kò kúrò, mo kàn máa ń gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń tún fáànù ṣe báyìí. Ó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ó ń wé wáyà mọ́ inú mọ́tò fáànù.

"Ìyá Àníkẹ́!" Ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. "Ẹsẹ̀ rẹ rèé? Jókòó."

N kò jókòó. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá Gàní. Igbá mi ló pa ẹja Alhájì."

Kò dáwọ́ wíwé dúró. "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ni kò ní mọ̀? Omi pọ́n bíi tíì. Mò ń pààrọ̀ ẹ̀, ó tún ń pọ́n. Ṣé oúnjẹ ẹja ló ń pọ́n bẹ́ẹ̀?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Alhájì?"

"Kí n ní kí ni? Ọmọdébìnrin tó gbé ọmọ sẹ́yìn, kí n nawọ́ sí i? Mò ń retí kí ìwọ sọ ọ́."

Mo ní kí ó foríjì mí. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀dà.

"Ọjọ́ náà ni mò ń retí ẹ," ó ní. "Bóyá ọjọ́ kejì náà. Lẹ́yìn ìyẹn mo kọ́ṣẹ́ fáànù." Ó gé wáyà. "Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gíláàsì ẹja ló ń ṣe."

Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ kìíní. "Ẹja? Sọ fún un kó má fi igbá sí i o."

Mo ní mo fẹ́ kọ̀wé sí i.

Kò sọ pé òun foríjì mí, kò sì sọ pé òun kò foríjì mí. Oníbàárà kan gbé fáànù dé, mo sì lọ. Mo rò pé ohun tó sọ ni èsì. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ní ọjọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, o ṣì gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ì bá gbà là ti lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Wọn kò sọ ẹni tí òótọ́ náà yóò bá nílé nígbà tó bá dé. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ nílé.

Mo gbàdúrà kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí o pàdánù iṣẹ́ yìí. O mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì wù ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá pàdánù rẹ̀ nítorí pé o sọ òótọ́, wá sílé. Oúnjẹ wà, amọ̀ wà, ìyá amọ̀kòkò ti ń bèèrè ẹni tí òun yóò kọ́. N kò ní bá ọ wí.

Má sọ pé ìyá rẹ ló ní kí o yọ ọ́. Sọ pé, "Mo ṣe àṣìṣe, ohun tí mo fi síbẹ̀ máa pa ẹja." Ọ̀rọ̀ náà kúkúrú. Mo ti dán an wò lẹ́nu ara mi láàárọ̀ yìí, ó ṣeé sọ.

Má sì dúró kí ọ̀gá rẹ bèèrè. O sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé Tóyìn ni ẹni tó ń pèsè omi ní ṣọ́ọ̀bù yín, pé òun ló ń lọ yẹ omi wò lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà. Bí omi Tákié bá pọ́n, Tóyìn ni wọn yóò kọ́kọ́ pè, bí Alhájì ṣe pe Bọ̀dá Gàní. Lọ sọ ọ́ lónìí tí o ka ìwé yìí, kí wọ́n tó pè é.

Ìyá rẹ,
ní Ọ̀yọ́.